Ọ̀run Móoru: Ẹ̀rín Tí Ó Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Ni Ín

Bí a bá ń ka àwọn ìlú tí ó lórúkọ nínú ìtàn eré orí ìtàgé àti fíìmù Yorùbá, Èkó ni a ó kọ́kọ́ dá, Ìbàdàn yóò tẹ̀ lé e, Òṣogbo yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, Iléṣà náà kò sì ní gbẹ́yìn. Kò sí ẹni tí yóò dá Ìgbàyè. Ìlú àgbẹ̀ ni Ìgbàyè ní agbègbè Odò-Ọ̀tìn; ẹni tí ó bá ti Òṣogbo bọ̀ yóò la Ìkìrun kọjá, yóò kí àwọn ará Ìnísà, yóò sì súnmọ́ Òkukù kí ó tó gbúròó rẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn eré aláwàdà ilẹ̀ Yorùbá kò lè pé bí a bá fo irú ìlú bẹ́ẹ̀ dá. Oníṣòwò kì í là láìsí oníbàárà, aláwàdà kì í sì í gbajúmọ̀ láìsí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Àwọn ìlú kéékèèké tí ó tò sí etí ọ̀nà láti Òṣogbo títí dé Ọ̀ffà ni ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà ni ó sì ń sanwó ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀rín yìí gan-an ni ó wà nílẹ̀: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí àwàdà kúrò lórí ìtàgé tí ó bọ́ sínú fíìmù, tí ó sì ti inú fíìmù bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, bí eré bá fẹ́ wọ ìlú, ariwo rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Ọkọ̀ àwọn òṣèré yóò máa yí ìlú ká ní ọ̀sán, gbohùngbohùn yóò máa ké lórí rẹ̀, àwọn ọmọdé yóò sì máa sáré tẹ̀ lé e. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó tan jẹnẹrétọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìyàwó ọ̀gá tàbí ẹlòmíràn tí ọ̀gá fọkàn tán ni yóò jókòó ti ẹnu ọ̀nà láti gba owó. Ẹni tí kò bá sanwó kò ní wọlé, àfi èyí tí ó bá mọ ibi tí fèrèsé ti ya. Òṣogbo tí kò jìnnà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ṣe ibùjókòó: Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1973, Dúró Ládiípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1962, Oyin Adéjọbí náà sì wà níbẹ̀. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé Òkukù láàárín àwọn ọdún 1970 láti kọ́ nípa oríkì, di ẹni tí ń bá ẹgbẹ́ Adéjọbí ṣeré kiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tí a bí sí àdúgbò náà kà sí eré àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe, òun kọ ìwé ńlá lé e lórí.

Kí a má sì rò pé òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá ní eré tí ó pa orin pọ̀ mọ́ ẹ̀fẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, òyìnbó fúnra rẹ̀ ni a fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú èyí tí ó pẹ́ jù lọ tí a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin pe Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, pé kí ó wá wo eré ní Ọ̀yọ́-Ilé. Apá mẹ́ta ni àwọn eégún alárè pín eré náà sí. Nínú apá kan, ejò ńlá jáde láti inú àpò. Ní apá tí ó kẹ́yìn, eégún kan bọ́ aṣọ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì rí i pé òyìnbó ni ó jẹ́: ó funfun, ó rù, òtútù ń pa á, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Láàárín apá kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, àwọn èrò sì ń gbè é. Inú àwọn òǹwòran dùn jọjọ sí èyí tí ó kẹ́yìn yìí, wọ́n sì ń wo ojú àlejò náà bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aláré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Orin, ijó, ìdán, ẹ̀fẹ̀, òǹwòran tí ń gbe orin: gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa fi owó wò nínú fíìmù ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni ó ti wà lójúde Aláàfin ní ọjọ́ yẹn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tirẹ̀. Kí fíìmù wọn tó fọhùn, wọ́n ní àwọn gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń sanwó díẹ̀ láti gbọ́ orin àti ẹ̀fẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1927, tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1929, àwọn ará gbọ̀ngàn wọ̀nyí ni àwọn onífíìmù sáré lọ bá. Gracie Fields, ọmọ ìlú Rochdale, ti fi orin àti àwàdà dá àwọn ará ilé-iṣẹ́ òwú lára yá fún ọdún púpọ̀ kí ó tó ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1931. Nínú Sing As We Go, èyí tí ó jáde ní ọdún 1934, ilé-iṣẹ́ aṣọ ti ìlẹ̀kùn pa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ní ọdún 1934 yìí kan náà ni George Formby, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ṣe aláwàdà ṣáájú rẹ̀, gbé ohun èlò olókùn kékeré rẹ̀ wọ inú Boots! Boots!. Kò sí ohun àrà ọ̀tọ̀ nínú bí a ṣe ya fíìmù wọ̀nyẹn. Òṣèré ni ó gbé wọn ró, òǹwòran sì mọ òṣèré náà kí kámẹ́rà tó mọ̀ ọ́n. Ẹkùn Lancashire ni àwọn méjèèjì ti wá, níbi tí a ti ń hun àwọn aṣọ òyìnbó tí àwọn ìyá àgbà ń rà lọ́jà Ìkìrun. Aṣọ wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rín wọn ni kò dé.

Ẹ̀rín tí ó dé Odò-Ọ̀tìn kò gba òkè òkun wá. Iléṣà ni a ti bí ẹni tí ó ni ín. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, wáyé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1936. Olórin ni kí ó tó di aláwàdà, òtítọ́ yìí sì ṣe pàtàkì ju bí a ti ń kà á sí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ní ẹgbẹ́ háíláìfù kan tí ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta jìtá níbẹ̀ ni a wá mọ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn sí King Sunny Adé. Ẹni tí ó bá ti darí ẹgbẹ́ olórin rí mọ ìgbà tí ó yẹ kí ìlù dákẹ́, ó mọ bí a ti ń dá àwọn ènìyàn dúró kí a tó fún wọn ní ohun tí wọ́n ń retí. Ohun tí Ọláìyá gbé wọ inú àwàdà nìyẹn. Nígbà tí ó dé ojú tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1959, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀, kò pẹ́ tí ìrísí rẹ̀ fi di ohun tí ọmọdé ń sín jẹ: férémù awò tí ó tóbi ju ojú lọ, táì ọrùn tí ó rí bí labalábá ńlá, kóòtù tí kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀, àti aago tábìlì tí ó so mọ́ra bí ẹni pé aago ọwọ́ ni.

Ó yẹ kí olùkọ́ dúró díẹ̀ lórí aago yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò máa ń kọ ọ́ pé aláwàdà ń wọ aṣọ ẹ̀fẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín, wọn a sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ tì sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni a ń fi aago náà ṣe yẹ̀yẹ́? Ọkùnrin tí kò rí owó aago ọwọ́ rà ni Bàbá Sàlá ń ṣe, ẹni tí kò sì fẹ́ kí a mọ̀ pé kò rí i rà. Ó gbọ́ pé ọ̀làjú ń mọ aago, ó sì wá aago, èyí tí ó tóbi jù ní ilé. Ahun ni, ó fẹ́ràn obìnrin, ó ń pé kí a pe òun ní ọ̀gá, ó sì ń sá fún gbèsè. Kò sí ìlú tí kò ní irú rẹ̀. Àwọn tí ń wò ó ní Ìnísà lè na ìka sí ẹni tí ó jọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn, kódà ó ṣeé ṣe kí ẹni náà wà lára àwọn tí ń rẹ́rìn-ín jù. Eégún tí ó ṣe òyìnbó fún Clapperton wò, ará òde ni ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bàbá Sàlá fi ará ilé ṣe é, èyí sì le jù.

Fíìmù ni ìgbésẹ̀ tí ó kàn. A ti kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ará Èkó ní gbọ̀ngàn Glover ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1976 kí fíìmù gígùn ní èdè Yorùbá tó gba ìlú kan. Àjàní Ògún ni fíìmù náà, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, Adé Fọláyan tí a mọ̀ sí Adé Lọ́fù ṣeré nínú rẹ̀, orin sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá òṣèré rí bí èrò ti wọ́, wọ́n sì mọ̀ pé ayé ti ń yí. Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979. Ní ọdún 1982, Moses Ọláìyá náà náwó sí Ọ̀run Móoru, ó sì gbé iṣẹ́ olùdarí lé Ọlá Balógun lọ́wọ́.

Ìtàn Ọ̀run Móoru kò ṣòro láti sọ. Lámídì jẹ́ oníṣòwò tí nǹkan ń ṣẹnuure fún rí, ìṣẹ́ sì dé bá a nítorí pé ó gba ẹlẹ́tàn gbọ́. Ìtìjú àti àìní mú kí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹni tí ó sá fún ooru ayé rí i pé ọ̀run pàápàá mú ooru. Ikú, ìṣẹ́, jìbìtì àti àìnírètí ni ìtàn náà dá lé lórí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pani lẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó ń sọ pé àwàdà kò ní ìjìnlẹ̀ kò tíì rò ó dé ibí yìí. Bí a bá gbé ìtàn yìí fún ẹni tí ń kọ eré ajálù, kò ní fi nǹkan kan kún un kí àwọn òǹwòran tó sunkún. Bàbá Sàlá mú un, ó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn di ìhà wọn mú.

Ohun kan wà tí ó yí padà nígbà tí ẹ̀rín bọ́ sínú fíìmù, èyí tí àwọn tí ó mọ eré orí ìtàgé nìkan ni ó lè tètè fura sí i. Lórí ìtàgé, òṣèré ń gbọ́ òǹwòran. Bí ọ̀rọ̀ kan bá pa àwọn ará Òkukù lẹ́rìn-ín, yóò dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, tàbí kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn, tàbí kí ó dá ẹnì kan tí ó ń rẹ́rìn-ín ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lóhùn. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, yóò gé e kúrú. Nítorí náà, eré tí a ṣe ní Ìkìrun ní àná lè gùn ju èyí tí a ṣe ní Ìnísà lónìí lọ, kí orúkọ wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Fíìmù kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Bí gbọ̀ngàn bá hó, àwòrán yóò máa bá tirẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e yóò sì rì sínú ẹ̀rín. Orin ni ó ń gba aláwàdà sílẹ̀ nínú ìṣòro yìí. Bí àwọn ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tí orin sì bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ó sọnù; wọn a rẹ́rìn-ín tán, wọn a bá orin náà lárin. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ilẹ̀ Yorùbá fi di orin mú gírígírí nígbà tí wọ́n dé iwájú kámẹ́rà, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó sọ fún èkejì.

Ìyípadà kejì ni ó dá ọgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó sì ni. Eré orí ìtàgé kò ṣeé jí gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí eré Bàbá Sàlá nígbà náà ní láti jí Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù jẹ́ ẹrù, ẹrù sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní àkókò yẹn, òkè òkun ni a ń kó fíìmù aláwọ̀ lọ fọ̀ àti tẹ̀ kí a tó lè fi hàn. Owó òkè òkun ni a ń ná sí i, ẹ̀yáwó sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá òṣèré fi ń ṣe é. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí mọ ewu tí ó wà níbẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń gbé fíìmù wọn kiri fúnra wọn bí wọ́n ti ń gbé eré kiri, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, láti hòtẹ́ẹ̀lì dé ilé-ẹ̀kọ́. Àgbá fíìmù wà nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí a fọkàn tán sì tún jókòó ti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rò pé ẹnu ọ̀nà náà ṣì wà.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni ó wó ògiri náà. Ẹ̀dà olè Ọ̀run Móoru jáde sí ìgboro kí Ọláìyá tó rí owó tí ó ná gbà padà. Àwọn kan ń tà á, àwọn kan ń yá a fún ènìyàn, àwọn kan gbé tẹlifíṣọ̀n sí pálọ̀ wọn, wọ́n sì ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ẹni tí ó ti rẹ́rìn-ín tán ní pálọ̀ aládùúgbò kò ní tún sanwó ní gbọ̀ngàn nígbà tí Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ bá gbé e dé. Gbèsè dé, àdánù ńlá sì ni. Títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni a ń mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà nígbàkígbà tí a bá dárúkọ rẹ̀. Wo bí ìtàn fíìmù àti ìtàn ẹni tí ó ṣe é ti wá jọra: Lámídì inú fíìmù pàdánù ọrọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn, ẹni tí ó ṣe Lámídì pàdánù tirẹ̀ sọ́wọ́ olè tí kò tilẹ̀ rí ojú rẹ̀.

Àwọn tí ó wò ó ní pálọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni a kì í fẹ́ béèrè, nítorí pé kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní olè. Wọ́n fẹ́ràn Bàbá Sàlá. Nínú ọkàn wọn, òun ni wọ́n lọ wò, wọ́n sì sanwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́bọ̀ ni. Owó náà kò dé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni. Ní ìlú tí ó dà bí Ìgbàyè, níbi tí òǹwòran àti òṣèré ti máa ń fojú kan ara wọn lálẹ́ kan náà, ta ni yóò rò ó pé ẹ̀rín lè ní olúwa tí kò sí nílé? Òfin wà, kì í ṣe pé kò sí. Ìjọba ológun ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ní ọdún 1970, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mú un lò bí ó ti yẹ. Òfin tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ dé ní ọdún 1988, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Ọ̀run Móoru. Ẹṣin ti jáde kí a tó ti ilẹ̀kùn.

Moses Ọláìyá kò dákẹ́. Ó ṣe Àárẹ̀ Àgbáyé ní ọdún 1983, ó sì ṣe Mọ́ṣebọ́látán lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1980, náírà ti rẹlẹ̀ débi pé fíìmù gidi ti kúrò ní agbára ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá. Kí ni wọ́n wá sá lọ bá? Kásẹ́ẹ̀tì fídíò yẹn kan náà. Ohun tí ó pa Ọ̀run Móoru ni ó wá di oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọmọ tí ó tẹ̀ lé e, Bàbá Sàlá pàápàá sì bá wọn lò ó. Ìyàn jíjà lórí bóyá èrè ni èyí jẹ́ tàbí àdánù kò tíì tán láàárín àwọn òṣèré.

Nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Ọ̀run Móoru kì í gba àyè púpọ̀. Ìwé ni ìdánwò ń béèrè, eré tí a kò tẹ̀ sínú ìwé kì í sì í rọrùn láti bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè. Lóòótọ́, ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 láti máa fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré tẹ àwọn eré Yorùbá jáde, àwọn olùkọ́ mìíràn sì rí i lò. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè gbé orin, kò sì lè gbé ìdákẹ́jẹ́ tí Bàbá Sàlá máa ń fi sáàárín gbólóhùn méjì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwàdà tí ń bú ènìyàn àti èyí tí ń fi ènìyàn han ara rẹ̀ yóò ṣe ju kí ó pe orúkọ rẹ̀ lọ. Yóò jẹ́ kí wọ́n wò ó, yóò sì bi wọ́n pé ní ibo gan-an ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, àti pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2018, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ kú ní Iléṣà ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tún àwọn eré rẹ̀ gbé sáfẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí Ọ̀run Móoru jáde di fóònù mú, wọ́n ń wo ọkùnrin tí ó so aago tábìlì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Kò sí ẹni tí ó jókòó ti ẹnu ọ̀nà.